Ìtọ́jú Odò Ẹja: Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Ìpàdé Ẹ̀ka Argungu



Ní ìpàdé tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ méjì ni ó dá ariwo sílẹ̀ láàárín wa. Èkíní ni ti àwọn ìyá tí ń yan ẹja. Wọ́n béèrè pé títí di ìgbà wo ni a ó máa wo odò Matan Fada tí a tì pa bí ẹní ti ilẹ̀kùn, nígbà tí àwọn ń wọ ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn láti ra ẹja tí owó ọkọ̀ ti jẹ èrè rẹ̀ tán. Èkejì ni ti lẹ́tà tí ọmọ ọ̀kan nínú wa kọ wá láti ilẹ̀ Scotland. Ó ní àwọn ènìyàn ibẹ̀ a máa san owó ńlá láti lọ fi ìwọ̀ pẹja, bí wọ́n bá sì ti mú un tán, wọn a dá a padà sínú omi, wọn a wọ ọkọ̀ wọn, wọn a lọ sílé. Ẹ̀rín tí a rín ní ọjọ́ náà kò kéré. Ẹnìkan tilẹ̀ ní owó ni kò jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí wọn ìbá ṣe.

Alága wá pàṣẹ pé kí àwa tí a di kálámù Ẹgbẹ́ mú wádìí ọ̀rọ̀ náà. A ti ka ohun tí ó tó kíkà, a sì ti béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀. A rí i pé ìbéèrè méjèèjì yìí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n. Ta ni yóò fi ẹja sílẹ̀ lónìí kí ẹja lè wà lọ́la, ta ni yóò sì san owó ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ ẹni tí ó fi í sílẹ̀?

Ẹja tí ó wà nínú lẹ́tà yẹn ni wọ́n ń pè ní sámọ́nì. Kì í ṣe ẹja ọjà wa. Titus inú yìnyín àti pánla ni àwa mọ̀ nínú ẹja òkun òtútù. Inú odò ni a ti ń bí i, láàárín òkúta wẹ́wẹ́, níbi tí omi ti mọ́ tí ó sì tutù. Abo ẹja a fi ìrù gbẹ́ ilẹ̀ odò bí adìyẹ ti í ha àkìtàn, a yé ẹyin síbẹ̀, akọ a da àtọ̀ lé e lórí, abo a sì tún fi òkúta bò ó mọ́lẹ̀. Èyí tí ó bá tó kílò mẹ́rin ààbọ̀ lè yé ẹyin bí 5,000. Àwọn ọmọ tí ó bá là nínú rẹ̀ a máa gbé inú odò fún ọdún kan, méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n bá tó àtẹ́lẹwọ́ ní gígùn, ara wọn a di fàdákà, wọn a bá omi sọ̀kalẹ̀ lọ sí òkun, wọn a sì rìn títí dé agbègbè Greenland àti erékùṣù Faroe láti lọ jẹun. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn a padà. Odò tí a bí wọn sí gan-an ni wọ́n ń padà sí. Àwọn onímọ̀ ní òórùn omi ilé ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fi ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì jẹ ní àjò, ẹ rí ìbátan yín.

Láti ọjọ́ tí ó bá ti wọ odò padà ni kò ti ní jẹun mọ́ títí yóò fi yé ẹyin. Ọ̀rá tí ó kó bọ̀ láti òkun ni yóò máa jẹ. Púpọ̀ nínú wọn a kú lẹ́yìn ẹyin yíyé, díẹ̀ a padà sí òkun. Ẹja kejì tí wọ́n ń tọ́jú pẹ̀lú rẹ̀ ni tiráòtì òkun. Ìran kan náà ni òun àti tiráòtì tí kì í kúrò nínú odò. Ọmọ ìyá kan jókòó sílé, èkejì lọ wá oúnjẹ sí òkun, ṣùgbọ́n kì í rìn jìnnà bí sámọ́nì.

Nítorí ìrìn àjò yìí ni ìtọ́jú rẹ̀ fi ṣòro. Ẹni tí ó wà ní orísun odò, ẹni tí ó wà ní àárín, ẹni tí ó wà ní ẹnu òkun, àti ẹni tí ó wà lójú agbami, ẹja kan náà ni gbogbo wọn ń fọwọ́ kàn. Bí ọ̀kan bá kó o tán, àwọn ìyókù yóò na àwọ̀n sí omi lásán.

Ẹ jẹ́ kí a mú odò Tweed wò. Gígùn rẹ̀ tó máìlì 97. Orí òkè ilẹ̀ Scotland ni ó ti ń ṣàn wá, ṣùgbọ́n ìlú Berwick tí ó wà ní ilẹ̀ England ni ó ti wọ òkun. Bí odò bá la ilẹ̀ méjì kọjá báyìí, àwa tí a mọ ọ̀rọ̀ ààlà mọ̀ pé ìjà kì í wọ́n níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi òfin ẹja kan ṣoṣo sórí gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú àwọn odò kéékèèké tí ń wọ inú rẹ̀. Láti 1807 ni wọ́n ti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tí ń rí sí i. Àwọn tí ó ni ẹ̀tọ́ ẹja pípa wà nínú ìgbìmọ̀ náà, àwọn tí ìjọba ìbílẹ̀ yàn sì wà níbẹ̀, kí apẹja tí kò ní ilẹ̀ má baà jẹ́ odi.

Ẹ̀tọ́ ẹja pípa tí a wí yìí gba àlàyé. Ní Scotland, ẹ̀tọ́ láti pa sámọ́nì jẹ́ ohun ìní lọ́tọ̀, ó yàtọ̀ sí ilẹ̀ tí ó wà ní bèbè odò. Ó dà bí ìgbà tí ilẹ̀ jẹ́ ti ẹnìkan, tí ọ̀pẹ orí rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹlòmíràn. Kò ṣòro fún wa láti lóye. Ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ náà lórí abala odò kan ni yóò yá a fún àwọn onípá ìwọ̀ ní ojoojúmọ́ tàbí ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìgbìmọ̀ a máa bu owó orí lé gbogbo àwọn onítọ̀hún gẹ́gẹ́ bí iyì abala odò wọn bá ti tó. Nínú owó yìí ni wọ́n ti ń san owó oṣù àwọn ẹ̀ṣọ́ odò, àwọn tí òfin fún ní agbára láti mú olè ẹja lóru àti lọ́sàn-án. Àwọn tí ń tukọ̀ fún onípá ìwọ̀, àwọn onílé oúnjẹ, àwọn tí ń gba àlejò sùn, gbogbo wọn ń jẹ lára odò náà. Nítorí náà, ẹja kan tí ó wà láàyè nínú omi lè pa owó fún ìlú ju èyí tí ó wà nínú ìkòkò lọ.

Òfin wọn pọ̀, a kò ní ka gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì dé ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ni a lè fi ìwọ̀ pa sámọ́nì ní Tweed. Ìyókù ọdún, kí wọ́n fi ẹja sílẹ̀ kí ó yé ẹyin. Ní gbogbo Scotland, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa sámọ́nì ní ọjọ́ Àìkú. Ti àwọn alápá àwọ̀n le jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni àwọ̀n gbọ́dọ̀ fi sinmi, kí ẹja lè rí ọ̀nà gòkè lọ. Àwọn sámọ́nì tí ó tètè wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ó ṣọ̀wọ́n jù, nítorí náà títí di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà, gbogbo èyí tí ìwọ̀ bá mú ní Tweed ni a gbọ́dọ̀ dá padà láàyè. Láti 2016 ni ìjọba Scotland sì ti ń ṣe ìṣirò odò kọ̀ọ̀kan, wọ́n a pín wọn sí ipò mẹ́ta. Odò tí ó bá bọ́ sí ipò kẹta, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé sámọ́nì kan jáde nínú rẹ̀ ní gbogbo ọdún.

Dídá ẹja padà náà ní ọ̀nà tirẹ̀. A kì í wọ́ ọ lórí iyanrìn, a kì í fi ọwọ́ gbígbẹ dì í mú. Inú omi ni a ó ti yọ ìwọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀, a ó kọ orí rẹ̀ sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, a ó sì rọra dì í mú títí yóò fi mí dáadáa, tí yóò fi fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn kan nínú wa sọ pé ìwà ìkà ni kí a fi ẹja ṣeré tí a kò ní jẹ. A kò bá wọn jiyàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi í sí ìwé ìṣirò bí oníṣòwò: ẹja tí ń gòkè lọ yé ẹyin ni ojú owó, èyí tí ó bá ṣẹ́kù lórí rẹ̀ ni èrè. Àwọn wọ̀nyí rí i pé àwọn ti ń jẹ ojú owó, wọ́n sì wá ọgbọ́n tí wọ́n lè fi máa ṣòwò lọ láìfọwọ́ kàn án mọ́.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Sámọ́nì tí ó tóbi jù lọ tí a tíì fi ìwọ̀ mú ní ilẹ̀ Britain, obìnrin ni ó mú un. Georgina Ballantine ni orúkọ rẹ̀, ní odò Tay, ní ọjọ́ keje oṣù kẹwàá, 1922. Ó wọn kílò 29. Ó ju wákàtí méjì lọ tí obìnrin yìí àti ẹja náà fi ń fa ara wọn mọ́ra. Ilé ìwòsàn ìlú Perth ni wọ́n gbé ẹja náà fún kí àwọn aláìsàn jẹ ẹ́. Lóde òní, ó ju 90 nínú 100 sámọ́nì tí ìwọ̀ ń mú ní Scotland tí ó ń padà sínú omi.

Òfin kan wà tí a fẹ́ kí ẹ fi etí sí gidigidi, nítorí òun ni ó kan àwa ọlọ́jà. Láti 2002 ní Scotland, àti láti 2009 ní England àti Wales, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta sámọ́nì tí a fi ìwọ̀ mú. O lè mú un bí òfin odò rẹ bá gbà, o lè jẹ ẹ́, o lè fi ta ìyá ìyàwó rẹ lọ́rẹ, ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ gbé e dé ọjà. Ìdí rẹ̀ hàn kedere. Odò gùn, òru ṣókùnkùn, ẹ̀ṣọ́ kò pọ̀. Olè tí ó bá fi àwọ̀n kó ẹja lóru tẹ́lẹ̀ a sọ fún ọlọ́jà pé ìwọ̀ ni òun fi mú un, ta ni yóò já a nírọ́? Nígbà tí ọ̀nà ọjà dí, olè kò rí ibi tí yóò gbé ẹrù rẹ̀ sí. A tún ka ìpínrọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó wọ̀ wá lọ́kàn, pé iwájú ìgbá ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi ń ṣọ́ odò tí ó wà lókèèrè.

Odò mìíràn wà tí a kò lè fò dá, odò Tyne tí ó la ìlú Newcastle kọjá ní England. Odò náà ti kún fún sámọ́nì rí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí i lẹ́bàá rẹ̀, tí wọ́n sì ń da gbogbo ìgbẹ́ àti omi ẹ̀gbin ìlú sínú rẹ̀ láìsẹ́, nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1950, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí sámọ́nì kan tí ó lè gba ẹnu odò wọlé, nítorí pé omi ibẹ̀ kò ní atẹ́gùn tí ẹja lè mí. Wọ́n wá ri ọ̀pá ńláńlá mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò tí ń gba ẹ̀gbin náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ ní Howdon, ibi tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1980. Ẹja padà. Lónìí, Tyne wà lára àwọn odò sámọ́nì tí ó dára jù ní gbogbo England.

Iyàn kan ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí wọ́n fẹ́ dí odò náà lókè ní Kielder láti fi ṣe adágún omi, wọ́n kọ́ ilé kan tí wọ́n ti ń pa ẹyin ẹja kí wọ́n lè máa da ọmọ ẹja sínú odò, láti fi rọ́pò ibi ẹyin tí omi adágún bò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwọn ọmọ ẹja wọ̀nyí ni ó sọ odò náà di ọ̀tun. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tí ó wádìí ọ̀rọ̀ náà sọ pé omi tí ó mọ́ ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, àti pé ẹja fúnra rẹ̀ ni ó padà wá. Ní Wales, ní 2014, wọ́n tilẹ̀ pinnu láti dẹ́kun dída ọmọ sámọ́nì sínú odò. Ó dùn láti máa da ọmọ ẹja sínú omi, ènìyàn a pàtẹ́wọ́, olóṣèlú a ya fọ́tò. Ọ̀pá ẹ̀gbin kò ní ẹni tí yóò bá a ya fọ́tò.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sí òkun, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ti le. Ní àwọn ọdún 1960 ni àwọn ọkọ̀ apẹja rí i pé ẹ̀bá Greenland ni sámọ́nì odò púpọ̀ ń kó ara jọ sí. Wọ́n da àwọ̀n bò wọ́n. Ní 1971, ohun tí wọ́n kó níbẹ̀ ju 2,000 tọ́ọ̀nù lọ. Ẹni tí ó ti ń ṣọ́ odò rẹ̀ tọ̀sán-tòru ní Scotland wá dà bí ẹni tí ó ń bọ́ adìyẹ fún aládùúgbò. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ kàn pàdé, wọ́n sì ṣe àdéhùn kan tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1983, tí ó fi òfin de sámọ́nì pípa lójú agbami, àyàfi nítòsí èbúté orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan.

Àdéhùn ìjọba dára, ṣùgbọ́n oníṣòwò kan ni ó wọ̀ wá lójú jù. Orri Vigfússon ni orúkọ rẹ̀, ará Iceland. Ní 1989 ó dá àpò kan sílẹ̀ fún ìdáàbòbò sámọ́nì. Kò lọ bá àwọn alápá àwọ̀n jà. Ó lọ bá wọn ná ọjà. Ó ní, èló ni ẹ ń rí lọ́dún? Ẹ gba owó yìí, ẹ ká àwọ̀n yín. Láàárín àwọn tí ń fi ìwọ̀ pẹja àti àwọn tí odò ń ṣe àǹfààní fún ni ó ti ń kó owó náà jọ. Títí ó fi kú ní 2017, iṣẹ́ yìí ni ó ń ṣe káàkiri òkun òtútù náà. Ní ẹ̀gbẹ́ ìlà oòrùn àríwá England, níbi tí àwọ̀n ojú òkun ti ń kó sámọ́nì Tyne àti Tweed mọ́ra, wọ́n san nǹkan bí mílíọ̀nù 3.34 pọ́ùn ní 2003 fún àwọn tí ó ní ìwé àṣẹ. Ìjọba dá lára rẹ̀, àwọn onípá ìwọ̀ àti ọ̀rẹ́ wọn dá ìyókù. Nínú ìwé àṣẹ bí 68, 16 péré ni ó kù. Ní Tweed fúnra rẹ̀, wọ́n ti ra ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọ̀n kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láti 1987.

Ẹnìkan yóò ní olówó ni ó kó tálákà kúrò lójú omi kí ó lè rí ibi ṣeré. Àwa náà rò ó bẹ́ẹ̀. Alápá àwọ̀n jogún iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ baba rẹ̀, ó fi bọ́ ọmọ, ẹja rẹ̀ sì dé orí tábìlì ẹni tí kò lè san owó ọ̀pá ìwọ̀. Owó tí wọ́n san fún un kò lè san ti ọmọ rẹ̀ tí kò ní kọ́ iṣẹ́ náà mọ́. Síbẹ̀, a fi í wé ohun tí a mọ̀ ní ibòmíràn, níbi tí òfin a kàn já lu ènìyàn lórí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan pé kí ó káńgárá rẹ̀ kúrò, láìsí kọ́bọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2019, òfin ni wọ́n fi dá àwọn tí ó kù lẹ́kun láti máa fi àwọ̀n ojú òkun kó sámọ́nì ní England. Bí a bá ní kí a yan ọ̀kan nínú ọ̀nà méjèèjì, ti Vigfússon ni àwa fara mọ́.

Kí ẹ má baà rò pé àlọ́ tí ó parí sí ayọ̀ ni a ń pa, ẹ gbọ́ èyí. Láti 1952 ni Scotland ti ń kọ iye sámọ́nì tí ìwọ̀ ń mú sílẹ̀. Ní 2010, iye náà ju 100,000 lọ. Ní 2023, 33,023 ni, èyí tí ó kéré jù láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń kọ ọ́. Ní ọdún kan náà ni àjọ tí ń ka ẹ̀dá tí ó wà nínú ewu ní gbogbo ayé kọ sámọ́nì ilẹ̀ Britain mọ́ àwọn tí ó wà nínú ewu ìparun. Ọmọ ẹja ń lọ sí òkun, ṣùgbọ́n àwọn tí ń padà kò pọ̀ mọ́ bí i ti àtijọ́. Òkun ń gbóná, oúnjẹ inú rẹ̀ ń ṣípò padà, iná kòkòrò láti ibi tí wọ́n ti ń sin sámọ́nì nínú àwọ̀n lẹ́bàá òkun náà wà níbẹ̀. Odò pàápàá ń gbóná. Ní ìgbà oòrùn 2018, omi nǹkan bí 70 nínú 100 odò Scotland kọjá ìwọ̀n 23 tí ara sámọ́nì kò fẹ́. Wọ́n wá ń gbin igi sí bèbè odò kí òjìji rẹ̀ lè bo omi. Ní odò Dee nìkan, mílíọ̀nù kan igi ni wọ́n fẹ́ gbìn tán kí ó tó di 2035. Ohun tí ọwọ́ wọn tó ni wọ́n ń ṣe. Bí odò kò bá tilẹ̀ lè wo òkun sàn, ó kéré tán, kí àwọn tí ó bá rí ọ̀nà padà bá ilé nílé.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí Argungu. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbí mọ̀ ju àwa lọ. Ní 1934, nígbà tí Sultan Sókótó wá bẹ ìlú yìí wò lẹ́yìn ìjà ọjọ́ pípẹ́ láàárín Kebbi àti Sókótó, ni wọ́n ṣe ọdún ẹja àkọ́kọ́ láti fi yẹ́ ẹ sí. Láti ìgbà náà ni abala odò Matan Fada ti wà lábẹ́ ìṣọ́ Sarkin Ruwa, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja nínú rẹ̀ títí ọjọ́ ọdún yóò fi pé. Ní ọjọ́ náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn a bẹ́ sínú omi pẹ̀lú àwọ̀n ọwọ́ àti akèrègbè, fún wákàtí kan péré. Ní 2016, àjọ UNESCO kọ ọdún náà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ayé. Láti 2010 ni ọdún náà ti dúró nítorí àìfararọ ìlú, kò sì tún wáyé títí di oṣù kẹta 2020. Ẹja tí ó gba ipò kìíní ní ọdún yẹn wọn kílò 78. Gíwán ruwa ni àwọn onílé ń pe irú rẹ̀, erin inú omi. Ẹja kì í dàgbà dé ibẹ̀ nínú omi tí a ń fi àwọ̀n gbá lójoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ kíkó odò pamọ́ kò sì ṣàjèjì sí wa. Ẹ̀yin ará Òṣogbo mọ̀ pé a kì í pẹja nínú odò Òṣun níbi igbó rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó rò pé ebi ni ó fa òfin náà.

Nítorí náà, ìdáhùn wa fún àwọn ìyá wa ni pé Ẹgbẹ́ kò ní lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣí Matan Fada. Àlejò ni wá lórí omi yìí. Àwọn Kabawa ni ó ni ín, Sarkin Ruwa ni ó ń ṣọ́ ọ, a kò sì ní ohùn níbẹ̀. Ibi tí a ti ní ohùn ni orí ìgbá. Ọwọ́ wa ni púpọ̀ nínú ẹja gbígbẹ ìlú yìí ń gbà kọjá lọ sí gúúsù. Gbogbo wa ni a sì mọ ohun tí ń wọ inú apẹ̀rẹ̀ náà nígbà mìíràn: àrọ̀ àti ẹ̀pìà tí kò tó ìka, tí a fi àwọ̀n ojú wẹ́wẹ́ gbá, àti èyí tí ó burú jù, ẹja tí a fi oògùn apakòkòrò oko pa. Ẹni tí ó bá ń ta ẹja mọ̀ ọ́n lójú, ara rẹ̀ rọ̀, òórùn rẹ̀ kò rí bí òórùn ẹja. A ń rà á nítorí pé ó rọ̀jú. Ọmọ ẹlòmíràn sì ń jẹ ẹ́ ní Ìbàdàn.

Ohun tí Ìgbìmọ̀ gbé wá síwájú yín nìyí. Kí ọmọ Ẹgbẹ́ kankan má ṣe ra ẹja oògùn mọ́, bí ó ti wù kí ó pọ́n tó. Kí a má ṣe ra ọmọ ẹja tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. A mọ̀ pé àwọn ìyá bíi mélòó kan wà tí ẹja wẹ́wẹ́ ni gbogbo òwò wọn, bí a bá sì sọ pé kí wọ́n jáwọ́ láìsí nǹkan, ọ̀rọ̀ tí a fi ń bá àwọn ẹlòmíràn wí ni àwa náà ṣe yẹn. Kí Ẹgbẹ́ yá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹja ńlá, láìgba èlé, kí wọ́n sì máa dá a padà díẹ̀díẹ̀ láti oṣù kẹrin. Inú àpò ìrànlọ́wọ́ ni owó náà yóò ti jáde. Akápò ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó lè gbé e bí gbogbo wa bá san gbèsè oṣù tí ó wà lọ́rùn wa.

Ìyálọ́jà ni yóò gba orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ó bá ní àtakò, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí kí ó wá sọ ọ́ lójú agbo ní ìpàdé tí ń bọ̀, nítorí ọjọ́ náà ni a ó dìbò lórí rẹ̀.